Ó Ń Lọ Ni, àbí Ó Ń Bọ̀?

Bí ẹ bá pàdé Hàlímọ̀tù ní Rye Lane ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ó bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ láti ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Camberwell, ẹ kò ní fura pé ohunkóhun ń lé e. Obìnrin kúkúrú ni, ara rẹ̀ le, ìrìn rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ẹlẹ́ja tó bá gbé ẹja àná fún un lónìí yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ tí yóò máa rántí títí ọdún yóò fi yí po. Àwọn arúgbó tó ń tọ́jú ní wọ́ọ̀dù fẹ́ràn rẹ̀ nítorí kì í parọ́ fún wọn. Bí abẹ́rẹ́ yóò bá dùn wọ́n, á sọ fún wọn pé yóò dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Obìnrin yìí tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ara rẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, bí ó bá ti kí ìrun àsùbáà tán, tí ó ṣì jókòó lórí ẹní ìkírun, ó máa ń gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́. Tìkì, tìkì, tìkì, bí táyà ẹ̀yìn ṣe máa ń dún nígbà tí ènìyàn bá ń ti kẹ̀kẹ́ láìgùn ún. Ìró náà á ti ẹ̀gbẹ́ yàrá Yusrah ọmọ rẹ̀ wá, á kọjá lẹ́nu ọ̀nà yàrá tirẹ̀, á dé ìdí ilẹ̀kùn ìta, á sì dákẹ́. Kò gbọ́ ọ kí ó wọlé padà rí. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí kẹ̀kẹ́ kankan nínú ilé náà.

Sherifdeen ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló ni ìró náà. Bọ́ọ̀sì ni Sherifdeen ń wà láyé rẹ̀, ó sì jókòó sídìí ọkọ̀ títí dókítà fi sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru, kí ó yáa wá nǹkan ṣe. Ẹlòmíràn ìbá máa rìn yí pápá Peckham Rye ká lásán. Sherifdeen ní tirẹ̀ lọ ra kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ewé kan, irú èyí tí táyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ sì tẹ̀ wálẹ̀ bí ìwo àgbò. Ó tún ra ṣòkòtò dúdú kan tó fún mọ́ ọn lára pinpin. Ọjọ́ tí Hàlímọ̀tù kọ́kọ́ rí i nínú ṣòkòtò yìí, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

"Daddy Yusrah, ẹ̀yin náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ jálàbíà lé e kí àwọn neighbours tó rí yín."

Sherifdeen rẹ́rìn-ín, ó ní jálàbíà á há sí ṣéènì. Ọkùnrin gíga gbọ̀ngbọ̀nràn ni, bí ó bá tẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ náà, ojú àwọn ará àdúgbò a máa tẹ̀ lé e títí yóò fi yí kọ́nà. Àyíká Dulwich ni ó ń lọ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń dé Kent.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ́ ni pé ọjọ́ Àìkú ni ojú títì máa ń dá fún ẹlẹ́kẹ̀kẹ́, ọjọ́ Àìkú náà sì ni àsàlátù. Ẹ mọ bí àsàlátù ti rí: àwọn ará á pàdé ní mọ́sáláṣí láàárọ̀, wọ́n á ṣe àdúà, wọ́n á sì jẹun pọ̀, ìdílé kan ni yóò sì gbé oúnjẹ wá lọ́sẹ̀ yìí, ìdílé mìíràn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Sherifdeen bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ dé. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa á jẹ. Àwọn ènìyàn ń sọ ọ́ lábẹ́ ẹnu, Hàlímọ̀tù sì ń gbọ́, nítorí etí rẹ̀ kì í di.

Ọ̀sẹ̀ tí oúnjẹ kan ìdílé wọn, tí àdúà ọjọ́ náà sì jẹ́ tiwọn, ó bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó jókòó sílé lọ́jọ́ kan yìí. Sherifdeen ní òun kò ní pẹ́, òun yóò dé kí àdúà tó bẹ̀rẹ̀, òun gan-an ni yóò sì bu ìrẹsì fún àwọn àgbà. Ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ jáde. Àdúà bẹ̀rẹ̀, kò dé. Wọ́n ṣí kúlà oúnjẹ, wọ́n jẹ mọ́ínmọ́ín, wọ́n jẹ ìrẹsì, ojú ti Hàlímọ̀tù débi pé kò lè jókòó. Orí kíkó abọ́ ni wọ́n wà nígbà tí àwọn ọlọ́pàá wọlé. Ọkàn Sherifdeen ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró lórí òkè kan ní Kent, nítòsí ẹnu géètì funfun kan. Ẹnì kan ti pe áḿbúláǹsì, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Kò sí ẹni tó sọ fún un bóyá ó ń lọ ni, àbí ó ń bọ̀.

Ní ọjọ́ kẹjọ, níbi fìdáù, Hàlímọ̀tù wọ ilé ìdáná lọ mu omi. Àwọn obìnrin méjì ń fọ ìkòkò, wọn kò rí i. Ọ̀kan ní, "Ó sá fún àdúà tí wọ́n fẹ́ ṣe fún òun gan-an. Ikú sì bá a lójú títì." Èkejì ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí irú ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ ọ́ lára bí ẹ̀gún, kò sì jáde mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé Sherifdeen ń bọ̀ nílé ni, a jẹ́ pé ó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, ikú ló dá a dúró. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ṣe ni ó ṣì ń gòkè lọ, tí àsìkò àdúà ti tó, tí kò sì bìkítà, a jẹ́ pé ó ti fi wọ́n sílẹ̀ kí ikú tó mú un lọ. Hàlímọ̀tù ìbá pe àwọn ọlọ́pàá kó bi wọ́n léèrè. Kò pè wọ́n. Ẹ̀rù ohun tí wọ́n máa sọ ń bà á.

Lọ́jọ́ fìdáù yẹn náà ló ti kẹ̀kẹ́ náà, tí àwọn ọlọ́pàá ti gbé padà wá, jáde, tó fà á lé Àáfáà Mùsílíù, olórí àsàlátù wọn, lọ́wọ́, pé kí wọ́n fi ṣe sàráà fún òkú, kí wọ́n fún ẹni tí kò ní ohun tí yóò gùn lọ síbi iṣẹ́. Gbogbo ènìyàn yìn ín. Wọn kò mọ̀ pé àánú kọ́ ló mú un ṣe é, pé ṣe ni kò fẹ́ kí ojú òun tún kan kẹ̀kẹ́ náà láyé. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ìró náà bẹ̀rẹ̀.

Yusrah ní páìpù omi gbígbóná ni. Àáfáà ṣe àdúà, wọ́n fún un ní àwọn súrà tí yóò máa kà. Ó kà wọ́n. Tìkì, tìkì, tìkì. Ọdún yí po, opó rẹ̀ ti tán tipẹ́, ìró náà kò sinmi. Nígbà tó ṣe, Hàlímọ̀tù rò ó pé bí òkú bá ń ti kẹ̀kẹ́ kọjá lẹ́nu ọ̀nà ẹni lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, bóyá ó fẹ́ kí ènìyàn tẹ̀ lé òun ni. Ó pinnu pé òun yóò kọ́ kẹ̀kẹ́ gígùn, òun yóò gba ọ̀nà tí ọkọ òun gbà, òun yóò sì fi ojú ara òun rí ibi tó ti ṣubú. Yusrah ní ọkọ̀ ojú irin wà, táksì sì wà. Ó ní rárá. Sherifdeen kò wọ táksì lọ.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dé ṣọ́ọ̀bù Lọ́lá, lábẹ́ afárá ojú irin, nítòsí stéṣọ̀n Peckham Rye. Lọ́lá ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ó sì ń ta àlòkù. Onígbàgbọ́ tó gbóná ni, kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ Sátidé ni ó máa ń kó àwọn obìnrin bíi mélòó kan jáde lọ gun kẹ̀kẹ́.

"Alhaja, ẹ káàbọ̀ o."

"Mi ò tíì lọ Mẹ́kà. Hàlímọ̀tù lorúkọ mi. Kẹ̀kẹ́ tó máa gbé mi dé Kent ni mo fẹ́."

"Ìgbà wo lẹ gun kẹ̀kẹ́ last?"

"Abẹ́òkúta. A máa ń háyà ẹ̀ nígbà tí mo wà ní primary school."

Lọ́lá yí ojú sí ògiri kí oníbàárà má bàa rí ẹ̀rín rẹ̀. Hàlímọ̀tù náà tẹ̀ lé ojú rẹ̀ dé ògiri. Kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ewé kan ló gbé kọ́ níbẹ̀. Lára irin rẹ̀, nísàlẹ̀ ìjókòó, àmì pupa kan wà. Ọ̀dà èékánná Yusrah ni. Ọjọ́ kan tí ara kẹ̀kẹ́ náà bó, kò sí ọ̀dà mìíràn nílé, Sherifdeen sì jí èyí lórí tábìlì ọmọ rẹ̀ fi kùn ún.

Lọ́lá ní ẹni tó ni ín ti kó kúrò ní London, ẹni náà ló sì tà á fún òun. Ó ní, "Ṣùgbọ́n èyí ò lè bá yín mu o, ó ga jù fún yín." Hàlímọ̀tù kò gbọ́. Bí ènìyàn bá rí ohun tó sọnù, ta ló ń bi í bóyá ó bá òun mu?

Àmọ́ kò lè kàn rà á bẹ́ẹ̀. Ó kọ́kọ́ lọ bá Àáfáà Mùsílíù. Àáfáà tẹ́tí sí i, wọ́n sì mi orí.

"Hàlímọ̀tù, a kì í ra sàráà padà. Láyé Ànábì, ẹnì kan fi ẹṣin ṣe sàráà, ó wá rí i tí wọ́n ń tà á lọ́jà. Ànábì ní kó má rà á, kódà kí wọ́n fẹ́ẹ̀ fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó ti kúrò lọ́wọ́ ẹ ti di ti Daddy Yusrah níbi tí wọ́n wà. Fi sílẹ̀ fún wọn."

Ó dúpẹ́, ó dìde, ó ti ń ronú ọgbọ́n kó tó dé ìdí ilẹ̀kùn. Òun ló ṣe sàráà, Yusrah kọ́. Bí Yusrah bá rà á, ta ló ra sàráà padà?

"Mummy, ẹ gbọ́ ara yín?" Yusrah ní. "Ẹ fẹ́ kí n lọ buy it, so that Allah ò ní notice? That's mad, you know."

"Lọ bá mi rà á."

Yusrah lọ rà á. Ọmọ kì í jẹ́ kí ìyá òun sunkún lẹ́ẹ̀mejì nítorí nǹkan kan.

Wọ́n gbé e sí àyè rẹ̀ àtijọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Hàlímọ̀tù rò pé ara òkú yóò rọlẹ̀. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni ìró náà ń wá tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, àárọ̀ gbogbo ni. Ó kọ orí kẹ̀kẹ́ náà sínú ilé, ó jáde lọ síbi iṣẹ́, nígbà tí ó dé, orí kẹ̀kẹ́ ti kọjú sí ilẹ̀kùn. Ó bi Yusrah, Yusrah búra pé òun kò fọwọ́ kàn án. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá, ó ń kó aṣọ rẹ̀ mọ́ra kí ó má bàa kan ìjókòó náà. Síbẹ̀, kò gbé e jáde, nítorí bí ó ti ń bẹ̀rù rẹ̀ tó náà ló ń ṣàárò rẹ̀. Ìgbà mìíràn, á gbé ọwọ́ lé ibi tí ọwọ́ Sherifdeen ti máa ń wà, á sì dúró bẹ́ẹ̀ títí omi tíì yóò fi hó tán.

Ó gùn ún lọ sí Peckham Rye lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Kẹ̀kẹ́ náà kò gbọ́ ti ọwọ́ rẹ̀. Apá ibi tí ó fẹ́ yà sí kọ́ ni ó ń lọ, àfi bí ẹni pé ẹlòmíràn ló jókòó lórí rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò délẹ̀ nígbà tí ó fẹ́ dúró, ó sì ṣubú gbì lójú àwọn tó ń mú ajá wọn rìn. Igunpá rẹ̀ bó. Lórí koríko níbẹ̀ ni ìbẹ̀rù ti gbá a mú. Sherifdeen ti kọ̀ ọ́. Òun ti gba ohun tí òkú ní lọ́wọ́ rẹ̀ nínú sàréè, òkú sì ń bínú.

Ó ti kẹ̀kẹ́ náà lọ bá Lọ́lá, ó sì tú gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún un, ìró, àdúà, ìrẹsì, àwọn obìnrin tó ń fọ ìkòkò, sàráà. Lọ́lá fi àkísà nu ọwọ́.

"Sister, mo lè bá yín gbàdúrà, mo mọ binding and casting dáadáa. Ṣùgbọ́n kí n tó bá ẹ̀mí kankan wí, ẹ jẹ́ kí n wọn ẹsẹ̀ yín first."

Ó ní kí Hàlímọ̀tù dúró, kí irin kẹ̀kẹ́ wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Irin náà kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹlẹ̀ dáadáa. Ó ní kí ó jókòó. Orí ìka ẹsẹ̀ ni ó fi ń wá pẹ́dà kiri, ó sì ní láti na ọwọ́ títí èjìká fi ń ro ó kí ó tó kan búréèkì.

"Ṣé ẹ rí i? Kò kórìíra yín. Ọkùnrin gíga ló ni ín. Ẹ ò lè jókòó sí àyè wọn, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ ṣe é."

Hàlímọ̀tù bú sẹ́kún níbẹ̀. Lọ́lá jẹ́ kó sunkún tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jọ fi kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ewé náà ṣe sàráà lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n fún ọkùnrin gíga kan tó ń ti bẹ́ẹ̀dì aláìsàn ní ilé ìwòsàn, tó ń fi ẹsẹ̀ rìn wá síbi iṣẹ́ láti Bermondsey. Lọ́tẹ̀ yìí, tọkàntọkàn ni.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ti Hàlímọ̀tù. Èyí ga, èyí kúrú, èyí wúwo bí ọlọ. Èyí tó bá a mu níkẹyìn kò dára lójú rárá, àwọ̀ eérú ni, ọ̀dà rẹ̀ sì ti ṣá. Ṣùgbọ́n bí ó ti jókòó lé e, igunpá rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, orúnkún rẹ̀ kò nà jù, ìka rẹ̀ sì bá búréèkì láìwá a. Ó gùn ún yí ẹ̀yìn stéṣọ̀n ká. Kẹ̀kẹ́ náà yà síbi tí ó ní kó yà sí. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀ àyàfi òun. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ìdánìkanwà tó bá a lórí ìjókòó náà ju èyí tó ti mọ̀ láti ọjọ́ tí ó ti di opó lọ.

Ó ń kọ́ ọ lọ́jọ́ Sátidé. Ó wọ ṣòkòtò gbọọrọ, ó fi rọ́bà so ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó má há sí ṣéènì, ó sì dé akoto lé híjáàbù. Lọ́lá kọ́ ọ bí a ti ń yí géà kí òkè tó dé, pé bí ènìyàn bá dúró dìgbà tí ó bá rẹ̀ ẹ́, ó ti pẹ́ jù. Wọ́n gun òkè Crystal Palace, ó sọ̀kalẹ̀ lágbedeméjì, ó ti í dé òkè. Lọ́sẹ̀ mìíràn, kò sọ̀kalẹ̀. Ìró ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò lọ, ó kàn padà sí ọjọ́ Àìkú rẹ̀ ni. Hàlímọ̀tù kò pa ojú dé mọ́ bí ó bá gbọ́ ọ. Á ní, "Ẹ dúró dè mí. Mo ń bọ̀ wá wo ibẹ̀."

Ìgbà tí òdòdó ń yọ ni ó sọ fún Lọ́lá pé òun ti ṣe tán. Wọ́n gba Bromley kọjá, ilé ń dín kù, oko ń pọ̀ sí i, títí wọ́n fi dé ìsàlẹ̀ òkè náà. Ọ̀nà ibẹ̀ tóóró, igi bò ó láti ìhín àti ọ̀hún, òtútù ìboji rẹ̀ sì wọ inú aṣọ. Ọ̀rọ̀ kan ni Hàlímọ̀tù ń gbé gòkè. Ní ìlú yìí, apá òsì ni gbogbo ènìyàn ń gbà. Ẹni tó ń gòkè kúrò ní London yóò wà ní apá ibi tí òun wà yìí. Ẹni tó ń bọ̀ nílé yóò wà ní apá kejì. Bí géètì funfun náà bá wà ní apá òsì, ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin nì ti jẹ́ òtítọ́. Àyà rẹ̀ ń lù, kì í ṣe nítorí òkè nìkan. Gbogbo ibi tí igi bá ti yà díẹ̀ lápá òsì, á rò pé òun ti rí i. Ó ń gbọ́ Lọ́lá tó ń mí lẹ́yìn rẹ̀, ìgbà mìíràn á sì dà bí ẹni pé mímí ẹni tó wà lẹ́yìn òun ju ti ènìyàn kan lọ. Kò bojú wẹ̀yìn.

Géètì náà wà ní apá ọ̀tún.

Ó dúró gbagidi, tí Lọ́lá fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ lù ú. Ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá títì, kò gbàgbọ́ síbẹ̀. Ẹni tí ara ń ni lè sáré kọjá títì wá síbí láti wá ìrànwọ́. Ìyá arúgbó Òyìnbó kan ń rẹ́ òdòdó nínú ọgbà. Ó wo híjáàbù Hàlímọ̀tù, ó wo kẹ̀kẹ́, ó wo bí ó ti di géètì òun mú, ó sì ju ọ̀bẹ òdòdó sílẹ̀. Ó bi í léèrè bóyá ìyàwó ọkùnrin gíga nì ni. Hàlímọ̀tù ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìyá náà ní òun lòun gbé orí ọkùnrin náà lé itan. Ó ní ṣe ni ọkùnrin náà ń ti òkè bọ̀ wálẹ̀, ó ń sáré púpọ̀, ó sì dúró lẹ́nu géètì òun tọrọ omi. Ojú rẹ̀ kò dára. Òun ní kó wọlé wá jókòó, kí òun pe dókítà. Ọkùnrin náà ní kò sí àyè, òun ti pẹ́ jù, àwọn ènìyàn ń dúró de òun nílé láti jẹun, òun ti ṣèlérí fún ìyàwó òun. Orí ọ̀rọ̀ yìí ló wà tí ó fi rọra jókòó sílẹ̀.

"Mo rò pé wọ́n ti sọ fún yín," ni ìyá náà wí. "Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún àwọn tó wá gbé e."

Hàlímọ̀tù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀ níwájú géètì, ibi tí koríko ti hù bo gbogbo nǹkan, ó sì ṣe àdúà fún ọkọ rẹ̀ níbẹ̀. Lọ́lá yọ akoto tirẹ̀, ó ń ṣe àmín sí àdúà Mùsùlùmí. Nígbà tí wọ́n dìde, ìyá náà ní kí wọ́n wọlé wá mu tíì. Lọ́lá ní ó dáa kí wọ́n sinmi díẹ̀.

Hàlímọ̀tù dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá náà, ó ní òun yóò padà wá kí i. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ níbi tí ó dúró sí, ó kọ orí rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ òkè.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé, Aunty Lọ́lá," ó ní. "Daddy Yusrah ti pẹ́ jù lójú ọ̀nà."